Ilé Tí Wọ́n Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́ ní Mósíkò

Tẹ́ ẹ bá gba òpópónà Vozdvizhenka ní Mósíkò, olú ìlú Rọ́ṣíà, tí ò jìnnà sí Kremlin tó jẹ́ ibùjókòó ìjọba, ẹ máa rí ilé kan tí ò jọ èyíkéyìí nínú àwọn tó yí i ká. Wọ́n gbẹ́ ìkarahun òkun sí gbogbo ara ògiri ẹ̀, òpó ẹnu ọ̀nà rí lílọ́ bí okùn, ilé gogoro méjì sì wà lápá ọ̀tún àti òsì. Mo fẹ́ràn ilé yìí gan-an ni.

Arseny Morozov ló ni ín, ọmọ olówó tó ní fákìtírì aṣọ. Varvara ìyá ẹ̀ kì í ṣe obìnrin kékeré o, òun ló náwó sí yàrá ìkàwé ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣí nílùú náà lọ́dún 1885, àwọn òǹkọ̀wé sì máa ń kóra jọ sílé ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn gan-an ló ti fọ́mọ ẹ̀ nílẹ̀. Arseny wá rí ààfin Pena tó wà ní Sintra nílẹ̀ Potogí, ló bá ní irú ẹ̀ lòun fẹ́, Viktor Mazyrin yàwòrán ẹ̀, wọ́n kọ́ ọ láti 1895 sí 1899. Ni yẹ̀yẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìyá ẹ̀ pàápàá sọ pé tẹ́lẹ̀, òun nìkan lòun mọ̀ pé òmùgọ̀ lọmọ òun, ní báyìí gbogbo Mósíkò ló máa mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí fún un, torí ọdún 1908 ló kú, kò tíì pé ogójì ọdún.

Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà lọ́dún 1917, ẹgbẹ́ Proletkult tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní tíátà gba ibẹ̀. Inú ilé yìí ni Sergei Eisenstein, tó wá di gbajúmọ̀ olùdarí fíìmù, ti gbé eré orí ìtàgé kalẹ̀ lọ́dún 1923, fíìmù kékeré tó ṣe láti fi há àárín eré yẹn sì ni fíìmù àkọ́kọ́ tó ṣe láyé ẹ̀! Nígbà tó yá aṣojú ìjọba Jàpáàn ń gbé ibẹ̀, ti Íńdíà náà gbé ibẹ̀, kó tó wá di ilé ọ̀rẹ́ pẹ̀lú àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè lọ́dún 1959, tí wọ́n ń ṣe ìpàdé, àfihàn àwòrán àti orin níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Láti 2006, ìjọba ló ń fi gbàlejò. Ìta lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wo àwọn ìkarahun yẹn báyìí.