Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọ̀fun Sinmi Lásìkò Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ

Ìtọ́jú àwọn tí gbígbé oúnjẹ mì nira fún ni iṣẹ́ mi. Bí dókítà bá ti sọ pé ìtọ́jú onítànṣán ló kàn fún jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀fun tàbí gògóńgò, ohun tí ẹbí máa ń bi mí ni irú oúnjẹ tí aláìsàn yóò máa jẹ. Ìbéèrè tó dáa ni. Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi wá bí a ṣe máa dáàbò bo iṣan tó fi ń gbé oúnjẹ náà mì, kí ẹ sì bi wá kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Gbígbé nǹkan mì lójoojúmọ́ àti fífẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan la fi ń ṣe é.

Ẹ fi ìka kan gògóńgò yín, kí ẹ gbé itọ́ mì. Ṣé ẹ rí i bó ṣe fò sókè? Àwọn iṣan abẹ́ àgbọ̀n ló fà á. Ìgbà tó bá gòkè ni ọ̀nà èémí á pa dé, tí ọ̀nà oúnjẹ á sì là. Bí kò bá gòkè tó, omi tàbí ọbẹ̀ á yọ́ gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà sì lè tibẹ̀ wọlé. Ó yẹ kí èyí yé àwa tó ń jẹ òkèlè dáadáa: a kì í rún iyán lẹ́nu, ọ̀fun la gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ fún.

Ìtọ́jú onítànṣán sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 7. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnu á bó, itọ́ á ki, aláìsàn á sì máa sá fún oúnjẹ. Ẹbí, nítorí àánú, á ní kó jẹ́ kí ọ̀fun sinmi, kí rọ́bà imú, èyí tó ń gbé oúnjẹ gba imú lọ sínú ikùn, máa ṣe iṣẹ́ náà. Ìfẹ́ ló fà á, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìsinmi yẹn ń ba ọ̀fun jẹ́. Ẹ ti rí apá tí wọ́n fi POP dì fún ọ̀sẹ̀ 6, bó ṣe máa ń rù tí wọ́n bá tú u. Ìtànṣán tún lè mú kí ẹran ọ̀fun le lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Rọ́bà kì í ṣe ọ̀tá. Bí ara bá ń rù, ẹ gbà á. Kí aláìsàn ṣáà máa gbé itọ́, tàbí ohun tí a bá ní kò léwu, mì lójoojúmọ́.

Èwo wá ni ti fífẹ́ atẹ́gùn? Iṣan tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn síta la fi ń wúkọ́, ikọ́ ló sì ń lé ohun tó bá ṣìnà jáde. Bí a bá sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí ohun tó ń dí i, àwọn iṣan abẹ́ àgbọ̀n yẹn náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan, bíi EMST150, wà fún un: ó ní fáàfù tí kò ní ṣí àfi téèyàn bá fẹ́ ẹ dé ìwọ̀n agbára tí a yí i sí. Kì í ṣe oníbọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n ń fúnni lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ o. Fífà là ń fa ìyẹn. Bàlúùnù kò lè rọ́pò rẹ̀, torí a kò lè máa fi kún agbára rẹ̀ bí iṣan ṣe ń lágbára sí i.

Fífẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe títí yóò fi di 25 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀: ètò tí a sábà ń lò nìyẹn. Ẹ jókòó ṣánṣán, ẹ pa imú dé, ẹ mí sínú títí àyà á fi kún, ẹ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú kó má baà wú, kí ẹ wá fẹ́ ẹ kíá tagbáratagbára. Bí fáàfù bá ti ṣí, ó tó. Àwa la máa yí ẹ̀rọ náà sí ìwọ̀n tó bá agbára yín mu, a ó sì máa tún un yí lóòrèkóòrè. Lọ́sẹ̀ tí ìrora bá pọ̀, ẹ lo oògùn ìrora tí dókítà kọ fún yín ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí a sì dín agbára ẹ̀rọ kù. Ẹ má kàn pa á tì.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀, ẹni tí asímà ń yọ lẹ́nu, ẹni tó ní ìpá, aboyún, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní rọpárọsẹ̀ tàbí iṣẹ́ abẹ ojú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ dókítà.

Katherine Hutcheson, onímọ̀ nípa gbígbé oúnjẹ mì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MD Anderson, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ nílùú Houston ní Amẹ́ríkà, dán ẹ̀rọ yìí wò lára àwọn tó ti parí ìtọ́jú onítànṣán, tí oúnjẹ ń ṣìnà lọ́fun wọn. Agbára ìfẹ́ síta wọn gòkè dáadáa, ewu kí nǹkan gba ọ̀nà èémí sì dín kù. Bó bá ran ọ̀fun tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ báyìí, ẹ ò rí ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀? Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà kò pọ̀. Bí ẹ bá wà ní UCH Ìbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó, ẹ má dúró de ẹni tí yóò darí yín sí wa. Ẹ béèrè wa fúnra yín.

Bí ohùn bá ń dún bíi pé omi wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí ibà dé láìnídìí, ẹ pè wá kíá. Ìtànṣán lè mú kí ọ̀fun má mọ̀ mọ́ pé nǹkan ṣìnà, kí aláìsàn má sì wúkọ́ rárá. Nítorí náà, bí kò bá tilẹ̀ wúkọ́, ẹ jẹ́ kí a fi X-ray tàbí kámẹ́rà tó ń gba imú wọlé wo bí oúnjẹ ṣe ń lọ.