Bí Ìbora Alábùlẹ̀ Ṣe Di Ohun Ìtọrẹ-Àánú ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìbora alábùlẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní quilt, ohun tí yóò wá sí i lọ́kàn ni pé ìṣẹ́ ló bí i. Ìyá kan kò lówó aṣọ, ó ṣa àjákù jọ, ó rán an pọ̀, ọmọ rẹ̀ rí nǹkan fi bora nígbà òtútù. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an. Àmọ́ bí èèyàn bá wo àwọn ìbora àtijọ́ tó wà nílé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tó wo ọdún tí wọ́n rán wọn àti irú aṣọ tí wọ́n fi rán wọn, ìtàn mìíràn ni yóò bá níbẹ̀. Ìgbà tí aṣọ pọ̀, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, ni iṣẹ́ yìí gbilẹ̀.

Ọ̀kan lára àwọn tó pẹ́ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n rán ọdún mọ́ lára, 1718 ló wà lára rẹ̀, aṣọ ṣẹ́dà ni wọ́n sì fi ṣe é. Tálákà wo ló ń fi ṣẹ́dà bora sùn? Ní Amẹ́ríkà náà, kí wọ́n tó gba òmìnira, inú ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ aṣọ tó dáa ti ń wá, láti Íńdíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí olówó bá kú, wọ́n á ka ìbora rẹ̀ mọ́ ẹrù tí wọ́n máa pín.

Ohun méjì ló yí ọ̀rọ̀ padà, ọdún 1793 sì ni méjèèjì bọ́ sí. Ní Pawtucket, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, Samuel Slater àti àwọn tí wọ́n jọ dòwò pọ̀ ṣí ilé iṣẹ́ tó ń fi agbára omi ran òwú. Ní gúúsù, Eli Whitney ṣe ẹ̀rọ tó ń ya kóró kúrò lára òwú. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1840, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ti kún New England, ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, aṣọ òwú alárà-ọ̀tọ̀ tí wọ́n tẹ òdòdó sí ti dé ọwọ́ ìyàwó àgbẹ̀. Ta ló wá ń kórè òwú náà? Àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú ní Georgia, Alabama àti Mississippi ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí kò ní pẹ́ dí wa lọ́nà.

Àsìkò yẹn ni rírán ìbora ní búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù gba ìlú kan. Tẹ́lẹ̀, odidi aṣọ ni wọ́n ń lò, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí wọ́n máa rán an yípo títí yóò fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì. Búlọ́ọ̀kù yàtọ̀. Igun mẹ́rin kékeré ni, ó lè jẹ́ íńṣì méjìlá níbùú àti lóròó, tí wọ́n fi ègé wẹ́wẹ́ tò jọ. Èyí tó rọrùn jù ni olójú mẹ́sàn-án: ìlà mẹ́ta, ègé mẹ́ta nínú ìlà kan, kí àwọ̀ tó kun àti èyí tó fẹ́lẹ́ máa pààrọ̀ ara wọn. Àwọn tó kù ní orúkọ aládùn: Ẹsẹ̀ Béárì, Ìràwọ̀ Ohio, Ahéré Onígi, Ọ̀nà Ọ̀mùtí. Wọ́n á dojú aṣọ méjì kọ ara wọn, wọ́n á fi ìdá mẹ́rin íńṣì sílẹ̀ létí, wọ́n á rán an, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ kí ojú ìránṣọ náà lè sùn. Ìdá mẹ́rin íńṣì yẹn ni òfin. Ẹni tó bá jẹ lé e díẹ̀díẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan, búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ yóò kéré ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ tò wọ́n pọ̀ yóò kàn máa fà á bí ẹni fa bàtà tí kò gba ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá tò wọ́n tán, ẹ̀gbọ̀n òwú ni wọ́n máa tẹ́ sábẹ́, aṣọ mìíràn yóò gbé e láti ìsàlẹ̀, abẹ́rẹ́ yóò sì gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra.

Ibẹ̀ gan-an ni ìtọrẹ-àánú ti rí ọ̀nà wọlé. Ìbora odindi lè gba oṣù mélòó kan lọ́wọ́ obìnrin kan, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kan kò kọjá ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ṣeé gbé lé itan, ó ṣeé kó sínú àpò, ó ṣeé fi ránṣẹ́. Ogún obìnrin tí kò tíì fojú kan ara wọn rí lè jọ rán ìbora kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì rò pé iṣẹ́ pa òun.

Àwọn obìnrin tó ń bá òwò ẹrú jà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí. Láti àwọn ọdún 1830 ni wọ́n ti ń ṣe bàsáà ní Boston, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n lè rówó fi ja ìjà náà. Ní Oṣù Kejìlá 1836, wọ́n gbé ìbora ọmọ ọwọ́ kan síbẹ̀, oníràwọ̀ wẹ́wẹ́, tí wọ́n gbà pé Lydia Maria Child ló rán an. Wọ́n fi yíǹkì kọ ewì sí àárín rẹ̀, tó ń bẹ ìyá tó bá ń fi í bo ọmọ rẹ̀ pé kó rántí ìyá dúdú tí wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tà. Ìbora náà ṣì wà lónìí lọ́wọ́ ilé àkójọ Historic New England.

Ọ̀rọ̀ tó dí wa lọ́nà nìyí: òwú wo ni wọ́n fi ran aṣọ tí wọ́n ń tà fún òmìnira ẹrú? Àwọn kan lára wọn rí i. Lucretia Mott àti àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni mìíràn tí wọ́n ń pè ní Kuékà kọ̀ láti ra ohunkóhun tí ẹrú fi ọwọ́ gbìn, ì báà ṣe ṣúgà, ì báà ṣe aṣọ, wọ́n sì ṣí ìsọ̀ tí òwú ibẹ̀ kò ti oko ẹrú wá. Ọjà náà wọ́n, kò sì dáa tó ti ọjà gbogbo, kò rìn jìnnà. Mi ò rò pé ó yẹ ká fi wọ́n ṣẹ̀sín nítorí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò tilẹ̀ béèrè.

Ìtàn kan tún wà tó gbajúmọ̀ gan-an, pé àwọn ẹrú tó ń sá lọ sí àríwá máa ń wo ìbora tí wọ́n sá sórí okùn, kí wọ́n lè mọ ilé tí wọ́n á ti rí ààbò. Ó dùn-ún gbọ́, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn tó wádìí rẹ̀ kò rí ẹ̀rí kankan fún un lẹ́nu àwọn tó sá àsálà náà fúnra wọn.

Ogun abẹ́lé ló sọ iṣẹ́ yìí di ti gbogbo ìlú. Ní 1861, wọ́n dá àjọ U.S. Sanitary Commission sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Àjọ náà ní kí àwọn obìnrin rán ìbora wá, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méje, kó sì fẹ̀ tó mẹ́rin, ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì tóóró ilé ìwòsàn. Kò sáyè ẹwà ọlọ́jọ́ pípẹ́. Wọ́n já ìbora ńlá inú ilé palẹ̀, wọ́n tún un rán ní kékeré, wọ́n kó àṣẹ́kù aṣọ inú àpótí jáde. Ní Maine, Susannah Pullen àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi rán ọ̀kan ní 1863, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú àti ẹsẹ Bíbélì sí i lára káàkiri, wọ́n sì bẹ ẹni tó bá sùn lábẹ́ rẹ̀ pé kó kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ogun kò bá jẹ ẹ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a padà sí Augusta, ìlú wọn. Ogun kò jẹ ẹ́ lóòótọ́, ó ti wà ní ilé àkójọ Smithsonian báyìí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ò tó nǹkan mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ni wọ́n lò dákísà, òmíràn sì bá ọmọ ogun wọ sàréè.

Àwọn tí kò fi ìbora ránṣẹ́ ń tà á ní bàsáà àjọ náà. Ní ti Chicago ní 1863, tí Mary Livermore àti Jane Hoge ṣètò, Ààrẹ Lincoln fi ìwé ìkéde òmìnira ẹrú tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ kọ ṣe ẹ̀bùn, wọ́n sì tà á ní dọ́là 3,000. Iná ńlá Chicago jó ìwé náà ní 1871.

Nígbà ogun àgbáyé kìíní, wọ́n ní kí àwọn èèyàn fi búláńkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun, kí àwọn tó wà nílé máa fi aṣọ alábùlẹ̀ sùn. Àwọn obìnrin wá rí ọ̀nà owó nínú rẹ̀ fún àjọ Red Cross: ẹni tó bá san sẹ́ǹtì díẹ̀, wọ́n á fi òwú pupa kọ orúkọ rẹ̀ sára búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn náà wọ́n á tún gbé odidi ìbora sí gbàǹjo. Nígbà ogun kejì, àwọn obìnrin Kánádà fi ìbora ránṣẹ́ sí àwọn tí bọ́ǹbù wó ilé wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Wilcox County, ní Alabama, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ. Àwọn èèyàn dúdú ibẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀ láti dìbò, àwọn onílẹ̀ sì lé wọn jáde nílé. Ní ìparí 1965, àlùfáà Francis X. Walter rí ìbora tí wọ́n sá síta, ó rà díẹ̀, ó sì kó wọn lọ tà ní gbàǹjo ní New York. Ní Oṣù Kẹta 1966, àwọn obìnrin náà dá ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee sílẹ̀, Estelle Witherspoon sì di olórí wọn. Wọ́n fi owó tí wọ́n rí ra ilẹ̀, wọ́n sì tà nínú rẹ̀ fún àwọn ìdílé tí wọ́n lé jáde. Èmi ò pe èyí ní àánú. Àwọn ni wọ́n rán an, àwọn náà ni wọ́n jẹ èrè rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ bíi Robert Farris Thompson àti Maude Wahlman sọ pé ọwọ́ Áfíríkà hàn nínú irú ìbora bẹ́ẹ̀, pé bí wọ́n ṣe ń to aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ dà bí bí a ṣe ń so aṣọ òfì mọ́ra. Àwọn mìíràn kò gbà. Ní tèmi, mi ò ní gbé ẹ̀kú eégún sọdá òkun nítorí pé ojú jọra, ṣùgbọ́n ẹ̀kú ni mo máa ń rántí. Ẹ wo etí rẹ̀ tó ní eyín-eyín pupa, ègé lórí ègé, tí ìdílé ń fi aṣọ tuntun kún un bí ọdún ṣe ń yí. Àrán ló wà níbẹ̀, dàmáàsìkì ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀kú tí yóò sọ pé àìrówó-raṣọ ló jẹ́ kí wọ́n bù ú lẹ̀.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ aṣọ ló tún ń ti iṣẹ́ yìí lẹ́yìn. Ní 1971 ilé àkójọ Whitney ní New York gbé ìbora kọ́ ògiri bí àwòrán, ní 1976 Amẹ́ríkà ṣe ọdún igba òmìnira, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá ńlá padà sójú táyé. Ní 1979 ilé iṣẹ́ Olfa ti Japan gbé ọ̀bẹ olóbìírípo jáde, tó ń gé aṣọ ìpele mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ rírà wá yá ju aṣọ rírán lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù kún, ẹlòmíràn kú kó tó rán ìdajì, àwọn ọmọ rẹ̀ kó páálí páálí lọ fún ẹgbẹ́ aránbora tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Irú àṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ gba sùúrù. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ pupa àti aró lọ́tọ̀ kó má baà rọ̀ sára funfun. Èyí tí wọn ò mọ irú rẹ̀, wọ́n á fi iná ṣá ègé rẹ̀ kan: òwú yóò di eérú, yóò rùn bíi bébà tó jó, pólísítà yóò yọ́, yóò sì le gbandi. Wọn kì í pa jíǹsì pọ̀ mọ́ aṣọ fẹ́lẹ́, torí jíǹsì á fà á ya.

Oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ló ń gbà á. Ellen Ahlgren ní New Hampshire bẹ̀rẹ̀ ABC Quilts ní 1988 fún àwọn ọmọ ọwọ́ tó ní kòkòrò HIV. Project Linus ti Karen Loucks, tó bẹ̀rẹ̀ ní Colorado ní 1995, wà fún ọmọdé tó ń ṣàìsàn. Quilts of Valor ti Catherine Roberts, ní 2003, wà fún ọmọ ogun. Àjọ Lutheran World Relief, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, ń kó tirẹ̀ lọ sí ìlú tí ogun tàbí ìjábá bá dé, ìbora yẹn sì lè di ẹní, aṣọ ìpọnmọ tàbí ògiri àgọ́. Íńṣì 60 níbùú, íńṣì 80 lóròó, ni wọ́n ń fẹ́. Wọn ò béèrè fún abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n gbà kí wọ́n kàn fi okùn so ó ní kókó kókó kó lè yá. Wọn kò fẹ́ àsíá orílẹ̀-èdè kankan lára rẹ̀, wọn kò fẹ́ aṣọ aláwọ̀ sójà, wọn kò sì fẹ́ àgbélébùú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti rán ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀.