Ta ni ọ̀dàlẹ̀? Bí ìmùlẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Cosa Nostra

Ẹni tó bá ń wo eré orí tẹlifíṣọ̀n tó dá lórí àwọn ìdílé ọ̀daràn yóò ti ṣàkíyèsí pé ọ̀tá kì í sábà rí ọ̀gá pa; ọmọ abẹ́ rẹ̀, tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹun, ló máa ń pa á. Lóòótọ́ ó ń mú eré dùn, ṣùgbọ́n inú ètò àwọn ọ̀daràn fúnra rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé ti rí i mú, èyí sì hàn kedere nínú ìtàn Cosa Nostra, ẹgbẹ́ máfíà ti erékùṣù Sicily ní Ítálì.

Ìmùlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ètò náà. Wọn yóò gún ọmọ ẹgbẹ́ tuntun níka, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò kán sórí àwòrán ẹni mímọ́ kan, wọn yóò sì ti iná bọ àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ti ń jó ni yóò máa búra pé kí ẹran ara òun jóná bẹ́ẹ̀ bí òun bá dalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ fi ara rẹ̀ han ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn; ẹnì kẹta tó mọ àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé ohun kan náà ni wọ́n. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ni wọ́n gbà pé ó ń mú ọ̀dàlẹ̀. Ní Sicily, èèyàn ló ń mú un. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà agbára ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá gba àga ìdájọ́ ni yóò máa pinnu ẹni tó dalẹ̀ àti ẹni tí kò dalẹ̀.

Ìdílé ni wọ́n ń pe ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà, àwọn ọmọ ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ń yan olórí wọn. Ìdílé mẹ́ta tó múlé ti ara wọn sábà máa ń ní aṣojú kan nínú ìgbìmọ̀ Palermo, olú ìlú Sicily, ìgbìmọ̀ yìí ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó pa ẹni ńlá kankan. Totò Riina, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, wá láti ìlú kékeré Corleone, ará oko sì ni àwọn ọ̀gá Palermo ń pe òun àti àwọn èèyàn rẹ̀. Kò bá wọn jà lójú ayé. Ńṣe ló ń fa àwọn ọmọ abẹ́ wọn mọ́ra lábẹ́lẹ̀, láti ìdílé kan dé òmíràn, títí tí Michele Greco, olórí ìgbìmọ̀ náà, fi wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1981, wọ́n yìnbọn pa Stefano Bontate, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá Palermo, nínú ọkọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń bọ̀ láti ibi àríyá ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 42 lọ́jọ́ náà ni. Inú ìdílé rẹ̀ ni wọ́n ti tà á. Salvatore Inzerillo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òun náà jẹ́ ọ̀gá ní Palermo, fọkàn balẹ̀ ní tirẹ̀, torí kò tí ì san owó oògùn olóró heroin kílò 50 tó gbà lọ́wọ́ Riina. Ó gbà pé èèyàn kì í pa ẹni tó jẹ ẹ́ lówó; èrò oníṣòwò nìyẹn. Riina ka gbèsè náà sí òfò, nígbà tó sì di ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, wọ́n pa Inzerillo kó tó wọ ọkọ̀ tí ọta ìbọn kì í wọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ti Pino Greco, tó ń pànìyàn fún Riina, ló yani lẹ́nu jù. Ó wà lára àwọn tó pa àwọn méjèèjì, kò sì dalẹ̀ Riina rí, àmọ́ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wojú rẹ̀ bí olórí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa á nínú ilé ara rẹ̀ lọ́dún 1985, wọ́n sì ń sọ káàkiri pé ó ti sá lọ sí Amẹ́ríkà.

Tommaso Buscetta, ọmọ ẹgbẹ́ náà tí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì pòórá lọ́dún 1982, ni wọ́n mú ní Brazil lọ́dún tó tẹ̀lé e. Nígbà tó ń tú àṣírí fún adájọ́ Giovanni Falcone lọ́dún 1984, ó takú pé òun kọ́ ni ọ̀dàlẹ̀, pé Riina ló ba májẹ̀mú jẹ́. Ẹjọ́ ńlá tó ti inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1986, ó sì parí ní oṣù Kejìlá ọdún 1987. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Riina bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nílé ẹjọ́, torí ọwọ́ kò tí ì tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Palermo ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1993. Balduccio Di Maggio, tó máa ń wa ọkọ̀ fún un tẹ́lẹ̀, ló fi í han àwọn agbófinró, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé òun ni ikú kàn.