Àpótí Àwọn Awakùsà Ni Owó Àìsàn Ti Ṣẹ̀

Wọ́n sábà máa ń sọ pé Bismarck, olórí ìjọba Jámánì, ló dá owó àìsàn, ìyẹn owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà nígbà tí àìsàn kò bá jẹ́ kó ṣiṣẹ́, sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1883. Òfin ni Bismarck ṣe. Owó náà ti wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn láti nǹkan bí 600 ọdún ṣáájú.

Lọ́dún 1260, bíṣọ́ọ̀bù Hildesheim gba ẹgbẹ́ àwọn awakùsà Rammelsberg, lẹ́bàá Goslar ní Jámánì, sábẹ́ ààbò rẹ̀, nítorí wọ́n ń tọ́jú awakùsà tó bá ṣàìsàn tàbí tó tòṣì. Ohun tó ti wà nílẹ̀ lèèyàn ń gbà sábẹ́ ààbò, nítorí náà mo gbà pé àṣà náà dàgbà ju ìwé yẹn lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ awakùsà? Bí àgbẹ̀ bá dùbúlẹ̀, ará ilé lè bá a ro oko. Ẹni tó ń wa kùsà kò ní oko tí wọn yóò bá a ro: ọjọ́ tí àpáta bá já lù ú, tàbí tí eruku bá dí i lẹ́dọ̀fóró, lowó dá. Ó ní láti jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ronú kan àpótí tí gbogbo wọn ń dáwó sí. Àwọn kan ń tọ́ka sí ẹgbẹ́ Lanuvium ti ilẹ̀ Róòmù, ọdún 136, pé òun ló ṣáájú. Owó ìsìnkú nìyẹn, kì í ṣe ti àìsàn.

Nígbà tó di ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹgbẹ́ tó ń dáwó nítorí àìsàn pọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àgádágodo mẹ́ta ló máa ń wà lára àpótí wọn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan má baà dá ṣí i. Ẹni tuntun á san owó fún oṣù mélòó kan kó tó lè gba kọ́bọ̀. Bí àìsàn bá dé, ó gbọ́dọ̀ tètè ránṣẹ́ sí àwọn olóyè ẹgbẹ́, àwọn náà á lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ìkíni àti àyẹ̀wò ló jọ ń lọ pọ̀. Bí wọ́n bá rí i níbi iṣẹ́ tàbí nílé ọtí, owó dúró. Ẹni tó jẹ gbèsè ẹgbẹ́ tàbí tó fara pa níbi ìjà kò ní gbà rárá. Tí àìsàn bá pẹ́, wọ́n á dín iye náà kù. Ohun tí fọ́ọ̀mù òde òní ń béèrè náà nìyí: ìwé dókítà, ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí pé owó ti wọlé, ẹ̀rí pé iṣẹ́ dúró. Ìfitónilétí tó pẹ́ ṣì ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Òfin 1883 san ààbọ̀ owó iṣẹ́ òòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 13, láti ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀; òṣìṣẹ́ san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ìdáwó, agbanisíṣẹ́ san ìyókù. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1911 fún ọkùnrin ní ṣílè 10 lọ́sẹ̀, obìnrin ṣílè méje àbọ̀, fún ọ̀sẹ̀ 26.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn ló ṣòro. Kò sí ọ̀gá tí yóò yọ owó ìdáwó wọn kí owó iṣẹ́ tó dé ọwọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó lè jẹ́rìí pé wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Gẹ̀ẹ́sì kó wọn mọ́ ètò owó àìsàn lọ́dún 1948. Nẹ́dálándì fòpin sí ètò ọ̀ranyàn tiwọn lọ́dún 2004. Nígbà tó di 2006, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn níbẹ̀ ti dá broodfonds (“àpò owó búrẹ́dì”) sílẹ̀ fúnra wọn, ẹgbẹ́ èèyàn 20 sí 50. Oníkálukú ń fi owó sínú àkáǹtì tirẹ̀ lóṣooṣù. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, àwọn yòókù á máa fi ìpín wọn ránṣẹ́ sí i fún ọdún méjì, ó pẹ́ tán. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá kọjá ìyẹn gbọ́dọ̀ ti ra ìdójútòfò mìíràn sílẹ̀.