Àbùlà Tó Ń Mú Kí Páírítì Tètè Dípẹtà

Páírítì ni òkúta tó ń dán yanran bíi wúrà, tó ti tan ọ̀pọ̀ awakùsà jẹ. Irin àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ dá a. Tó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó lè wà níbẹ̀ fún àìmọye ọdún láìbàjẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá hú u síta ni ọ́síjìn àti omi máa ń bá a jà: irin rẹ̀ á dípẹtà, imí-ọjọ́ rẹ̀ á di ásíìdì, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì ọkọ̀ gan-an.

Àmọ́ páírítì kan máa ń tètè bàjẹ́ ju òmíràn lọ, àbùlà inú wọn sì wà lára ohun tó ń fà á. Ásẹ́níìkì, èròjà olóró kan, máa ń jókòó sípò imí-ọjọ́. Kóbáltì àti níkẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n jẹ́ mẹ́tàlì, ní tiwọn máa ń gba ipò irin. Wọn kì í pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn pọ̀.

Ohunkóhun tó bá ń dípẹtà, ẹlẹ́ktróònù, ìyẹn hóró kéékèèké tó ń gbé iná, ló ń pàdánù. Ojú ibi tí páírítì ti ń pàdánù tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí ibi tí ọ́síjìn ti ń gbà á, ìyẹn ni pé ẹlẹ́ktróònù gbọ́dọ̀ la inú òkúta kọjá. Páírítì ò sì gbé iná tó bàbà, bẹ́ẹ̀ ni kì í dènà rẹ̀ pátápátá. Kóbáltì ń fi ẹlẹ́ktróònù kún un. Ásẹ́níìkì ń dá àlàfo sílẹ̀ tí ẹlẹ́ktróònù míì lè bọ́ sí. Méjèèjì ló ń lànà fún iná. Ásẹ́níìkì tún tóbi ju imí-ọjọ́ tó gba ipò rẹ̀, ibi tó há sí kì í rọgbọ, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà lè bá wọlé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe páírítì fúnra wọn nínú yàrá ìwádìí, tí wọ́n fi àbùlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn ló yá bàjẹ́ ju èyí tí kò ní àbùlà lọ. Ti ásẹ́níìkì ló le jù.

Àbùlà inú òkúta síǹkì, ìyẹn sphalerite, tiẹ̀ ṣeé fojú mọ̀. Èyí tí irin ò pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ oyin. Bí irin bá ti ń gba ipò síǹkì ló ń dúdú sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ásíìdì á máa tètè jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ a máa yí padà bí òkúta méjì bá fara kanra nínú omi. Ní Enyigba àti Ishiagu, ní ìpínlẹ̀ Ebonyi, tìróò, sphalerite àti páírítì jọ wà nínú ilẹ̀ kan náà ni. Páírítì kì í tètè yọ̀ǹda ẹlẹ́ktróònù bíi ti àwọn méjì yòókù, nítorí náà àwọn ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, tí páírítì á ṣì wà láìfarapa.

Irin tó bá ti yọ́ sómi kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bakitéríà kan á gba ẹlẹ́ktróònù kan sí i lọ́wọ́ rẹ̀, irin ọ̀hún á wá padà kọlu páírítì, kíákíá ju ọ́síjìn lọ. Bó ṣe rí ní Iron Mountain ní Kalifọ́níà nìyẹn, níbi tí wọ́n ti wọn omi tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n ásíìdì: bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe ń le tó) jẹ́ -3.6. Ásẹ́níìkì tó ń mú ìpẹtà yá náà a máa bá omi lọ. Bí wọ́n bá da òkúta ẹfun sí i, tí agbára ásíìdì rọlẹ̀, ìpẹtà pupa tó rì sísàlẹ̀ ló máa ń gbá ọ̀pọ̀ ásẹ́níìkì náà mú.