Ẹgbẹ́ Ìsìnkú Ni Ìyá Ẹgbẹ́ Aláàánú

Bi agbẹjọ́rò léèrè ìgbà tí ẹgbẹ́ aláàánú bẹ̀rẹ̀, yóò ní ọdún 1601 ni, nígbà tí ìjọba Elizabeth Kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó ka iṣẹ́ àánú lẹ́sẹẹsẹ: ríran arúgbó àti aláìní lọ́wọ́, títún afárá àti ojú ọ̀nà ṣe, títọ́ ọmọ òrukàn, ríra òǹdè padà, títí kan ìrànwọ́ fún ìgbéyàwó àwọn wúńdíá tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Bi ẹni tó fẹ́ràn ìtàn àwọn ọlọ́lá, yóò ní àwọn olówó ló dá a sílẹ̀, pé wọ́n lówó, àánú sì ṣe wọ́n. Òfin 1601 kò dá ohunkóhun sílẹ̀. Ohun tó ti wà nílẹ̀ ló tò jọ. Ti àwọn olówó, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Èyí tí mo gbà ní tèmi ni pé ẹgbẹ́ àánú kékeré ti àdúgbò, èyí tí èèyàn mélòó kan ń dáwó sí lóṣooṣù, tó ní alága, akọ̀wé àti akápò, ọwọ́ àwọn mẹ̀kúnnù tó ń sin òkú ara wọn ló ti wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òkú? Ẹni tí ebi ń pa, aládùúgbò rẹ̀ lè bù fún un lónìí, kí òun náà bù padà lọ́la. Ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, a lè bá a ṣe é, kó sì wá bá wa ṣe tiwa. Pàṣípààrọ̀ ni gbogbo ìyẹn. Òkú kò lè san padà. Kò sì lè dúró de ẹnikẹ́ni: kí ilẹ̀ tó ṣú, owó gbọ́dọ̀ wà, ẹni tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ wà, ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá kú sáàárín ẹbí rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sin ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìlú ńlá ti ń bẹ láyé ni àlejò, ẹrú, atukọ̀ àti alágbàṣe ti ń kú síbi tí wọn kò ní ìyekan.

Mo gbà pé irú wọn ló kọ́kọ́ jókòó pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n rí bí wọ́n ṣe wọ́ òkú ọ̀kan nínú wọn jù sẹ́yìn odi, tí wọ́n sì pinnu pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n dáwó jọ de ẹni tí kò tíì kú. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n náà wà. Owó tí a dá sílẹ̀ lónìí fún ọjọ́ tí a kò mọ̀, fún ẹni tí a kò mọ̀, kò lè wà lápò gbogbo èèyàn, ẹnìkan ni yóò tọ́jú rẹ̀: akápò dé nìyẹn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ti san àti ẹni tó ṣì jẹ: akọ̀wé dé. Bí àríyànjiyàn bá sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí wọ́n fẹ́ náwó lé lórí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ parí ẹ̀: alága dé. Oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò nílò ọba, kò nílò olówó. Èmi rò pé wọ́n ti wà ní ìlú púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Tálákà kì í sábà rówó fín ọ̀rọ̀ sára òkúta, ìdí nìyẹn tí a kì í fi rí orísun wọn.

Àfi ti Lanuvium. Ìlú kékeré kan ni, ní gúúsù Róòmù. Ní 1816 ni wọ́n rí òkúta mábù kan níbẹ̀ tí wọ́n fín òfin ẹgbẹ́ ìsìnkú kan sí. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 133 lẹ́yìn ìbí Kristi ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ọ̀hún sílẹ̀, ẹrú àti ẹni tó ti gba òmìnira sì jọ wà níbẹ̀. Owó ìwọlé jẹ́ sesterce 100 (owó Róòmù ni sesterce) pẹ̀lú ìkòkò wáìnì gidi kan. Owó oṣù jẹ́ as 5, owó wẹ́wẹ́ tí ẹrú náà lè rí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ẹgbẹ́ yóò gbé sesterce 300 kalẹ̀, wọn yóò sì yọ 50 nínú rẹ̀ pín fún àwọn tó bá sin òkú dé ibi tí wọ́n ti ń sun ún. Bó bá kú síbi tó jìn ju máìlì 20 lọ, tí ìròyìn sì kàn wọ́n, èèyàn mẹ́ta ni ẹgbẹ́ yóò yàn láti lọ sin ín. Ẹgbẹ́ ni yóò san owó ìrìn àjò wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé, wọ́n gbọ́dọ̀ jíyìn owó tí wọ́n ná. Bí ẹ̀tàn bá wà níbẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin ni ìtanràn. Bí ọ̀gá ẹrú kan bá sì kọ̀ láti yọ̀ǹda òkú rẹ̀, wọn yóò ṣe ère rẹ̀, wọn yóò sì sin ère náà. Ohun tí wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n san án.

Ẹni tó bá ti ṣe alága ẹgbẹ́ rí, kó ka òkúta yẹn. Gbólóhùn kan tó wà lókè ibẹ̀ sọ fún ẹni tó fẹ́ wọlé pé kó kọ́kọ́ ka òfin dáadáa, kó má baà wá ráhùn níkẹyìn tàbí kó fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún àrólé rẹ̀. Ẹni tó bá kúrò ní àyè rẹ̀ lọ jókòó sí àyè ẹlòmíràn níbi àsè, sesterce 4 ni ìtanràn rẹ̀. Ẹni tó bá bú ọmọ ẹgbẹ́ bíi tirẹ̀, 12. Ẹni tó bá bú alága, 20. Ẹni tó ní ẹ̀dùn ọkàn, kó dúró di ọjọ́ ìpàdé kó tó sọ ọ́, kí wọ́n lè fi ìdùnnú jẹun lọ́jọ́ àsè. Àsè náà ní òfin tirẹ̀: èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin ni yóò máa gbà á ṣe lẹ́sẹẹsẹ, wọn yóò gbé ìkòkò wáìnì kan wá, búrẹ́dì as 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹja sadíìnì mẹ́rin, àti omi gbígbóná. Èmi kò mọ ẹgbẹ́ kékeré tó pẹ́ láìjẹun pọ̀, inú mi sì dùn pé wọ́n fi iye ẹja sí òfin.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú òfin náà ni ti alága. Tó bá wà lórí oyè, kò ní san owó oṣù, ìlọ́po méjì ni yóò sì gbà nígbà tí wọ́n bá ń pín nǹkan. Bó bá fi òtítọ́ lo sáà rẹ̀ tán, yóò máa gba ìpín kan àti ààbọ̀, kí àwọn yòókù lè ní ìrètí pé àwọn náà á rí bẹ́ẹ̀ gbà báwọn bá ṣe dáadáa. Sáà rẹ̀ yóò parí, ẹlòmíràn yóò jẹ ẹ́, ọlá sì wà fún ẹni tó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mímọ́. Àwọn èèyàn tí àwọn ẹlòmíràn ń rà, tí wọ́n sì ń tà bí ọjà, ló mọ èyí.

Àwọn kan yóò ní ìrànwọ́ ara ẹni nìyẹn, kì í ṣe àánú. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ Lanuvium sílẹ̀. Pliny, tó jẹ́ gómìnà Bithynia, agbègbè kan lábẹ́ Róòmù ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, kọ̀wé sí Trajan, ọba Róòmù. Iná ti jó ilé púpọ̀ ní ìlú Nicomedia níbẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀, èèyàn 150 péré. Trajan kọ̀. Ó ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ di ti òṣèlú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pliny béèrè nípa ẹgbẹ́ tí ń dáwó jọ ní ìlú Amisus, ìlú tó ní òfin tirẹ̀, ọba dáhùn pé kó fi wọ́n sílẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́ àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń fi owó náà tán, tí kì í ṣe rògbòdìyàn. Nítorí náà, ọba Róòmù fúnra rẹ̀ mọ̀ pé owó oṣù àwọn tálákà ń dé ọ̀dọ̀ tálákà mìíràn.

Ọwọ́ tí ó so ìrànwọ́ ara ẹni àti àánú pọ̀, ilẹ̀ Áfíríkà wa ló wà. Ní nǹkan bí ọdún 197, Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan, ń kọ̀wé ní Carthage, ní ilẹ̀ Tùnísíà òde òní, ó ń ṣàlàyé fún àwọn aláṣẹ pé ìjọ Kristẹni kì í ṣe ẹgbẹ́ búburú. Ó ní àwọn náà ní àpótí owó. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù, tàbí ìgbà tó bá wu èèyàn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi ìwọ̀nba sí i, tó bá fẹ́, tí agbára rẹ̀ bá sì ká a. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń fipá mú. Kí ni wọ́n ń fi owó náà ṣe? Ó ní bíbọ́ tálákà àti sísin wọ́n, ọmọ tí kò ní òbí, arúgbó tí kò lè jáde mọ́, àti àwọn tí ọkọ̀ wọn rì. Ẹ rí i pé owó oṣù náà ni, àpótí náà ni, ìsìnkú náà ni. Ohun tó yí padà ni pé ẹni tí kò dáwó náà lè jẹ níbẹ̀. Níbi yìí ni ẹgbẹ́ ìsìnkú ti bí ẹgbẹ́ àánú, gbogbo ayé lè rí i.

Nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àkókò kan náà, ní nǹkan bí ọdún 200, àwọn Júù kọ òfin ti wọn sínú Mishnah, ìwé òfin wọn: èèyàn méjì ni yóò máa gba owó àpótí àánú, èèyàn mẹ́ta ni yóò máa pín in. Kí ló fa mẹ́ta? Nítorí pé pípín owó fún aláìní dà bí ìdájọ́, ẹjọ́ owó sì gba onídàájọ́ mẹ́ta. Talmud, ìwé tó ṣàlàyé Mishnah, fi kún un pé àwọn agbowó méjèèjì kò gbọ́dọ̀ pínyà lójú ọjà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì he owó lójú ọ̀nà, kò gbọ́dọ̀ fi í sí àpò ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, inú àpótí àánú ni yóò fi sí, tó bá délé kó tó mú un. Kò jí owó o. Ojú àwọn èèyàn tó ń wò ó ni òfin náà ń dáàbò bò. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ló tú ká láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó owó jẹ. Ìfura ló tú wọn ká.

Ó kù ti àwọn olówó. Pliny kan náà fi sesterce 500,000 lélẹ̀ fún títọ́ àwọn ọmọ ìlú rẹ̀, Comum. Ó fún ìlú ní ilẹ̀, ó gbà á padà láti máa san sesterce 30,000 lọ́dọọdún lórí rẹ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ẹgbẹ́. Kò sí ìpàdé níbẹ̀, àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò sì ní ohùn. Nínú ọ̀rọ̀ fífi ohun ìní lélẹ̀, ti Umar ọmọ Khattab ló kọ́ àwọn ẹgbẹ́ lọ́gbọ́n jù. Ó ní ilẹ̀ ní Khaybar, ó wá bi Ànábì Muhammad léèrè ohun tí òun lè fi í ṣe. Ìdáhùn ni pé kó di ilẹ̀ náà mú, kó sì fi èso rẹ̀ ṣe sàráà: wọn kò ní tà á, wọn kò ní fi tọrẹ, wọn kò ní jogún rẹ̀. Alábòójútó rẹ̀ lè jẹ níbẹ̀ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi kó ọrọ̀ jọ. Gbólóhùn yẹn nípa alábòójútó ti yanjú ìjà tí ẹgbẹ́ mìíràn ṣì ń jà títí dòní.

Ní Florence ní Ítálì, ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Misericordia, ẹgbẹ́ tí wọ́n ka ìdásílẹ̀ rẹ̀ sí 1244, ni pé àwọn alábàárù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn a máa jókòó sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan nígbà tí kò bá sí ẹrù, wọn a máa ṣépè, wọn a máa sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sí Ọlọ́run. Ọ̀kan nínú wọn, Piero Borsi, dábàá pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò sanwó sí àpótí. Nígbà tí owó pọ̀, wọ́n fi ra ohun ìgbéni mẹ́fà, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan ìlú, wọ́n sì ń fi gbé aláìsàn àti òkú. Àwọn kan ní ajíhìnrere kan ló dá a sílẹ̀. Mo gba ti alábàárù gbọ́: ẹni tó ń ru ẹrù jẹun ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn. Ọkọ̀ Misericordia ṣì ń gbé aláìsàn ní Florence.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọba Richard Kejì pàṣẹ ní 1388 pé kí gbogbo ẹgbẹ́ wá ṣàlàyé ara wọn, nǹkan bí 500 ìdáhùn ló ṣì wà, ìsìnkú ló sì gba ipò iwájú nínú wọn. Ní 1547 ìjọba gba ohun ìní àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn wọ̀nyí. Àwọn ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ ti ń ran ara wọn lọ́wọ́, tó gba ipò wọn, ń lo àpótí tó ní àgádágodo mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, kò sì ṣeé ṣí láìjẹ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Òfin 1793 wá fún wọn láyè láti fi orúkọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1787, àwọn èèyàn dúdú ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Richard Allen àti Absalom Jones ló ṣáájú wọn, dá ẹgbẹ́ Free African Society sílẹ̀. Ṣílè kan lóṣù. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹni tó bá ṣaláìní láàárín wọn á máa gba ṣílè mẹ́ta àti pẹ́nì mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá jẹ oṣù mẹ́ta, tí èèyàn méjì ti kìlọ̀ fún, tí kò sì ní ìdí gúnmọ́, wọn yóò yọ ọ́. Nígbà tí ibà pọ́njú pọ́njú kọ lu ìlú ní 1793, àwọn ni wọ́n tọ́jú aláìsàn aláwọ̀ funfun, tí wọ́n sì sin òkú wọn, tí àwọn náà ń kú. Wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n fi ń jèrè. Ní 1794 Allen àti Jones tẹ ìwé jáde, wọ́n kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde síbẹ̀: èyí tó jáde ló pọ̀ jù.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 1853 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan àwọn tí yóò máa bójú tó ẹgbẹ́ àánú. Ní 1887 àwọn ẹlẹ́sìn ìlú Denver ní Amẹ́ríkà pa owó ìrànwọ́ wọn pọ̀. Ní 1914 Frederick Goff, ọ̀gá báńkì ní Cleveland, da ogún àwọn tó ti kú pọ̀ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan fún àǹfààní ìlú. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, owó oṣù ń wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni mú un wá sípàdé, tí akọ̀wé sì ń fi orúkọ àwọn tó san ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹgbẹ́ tó bá sì ní kí báńkì má ṣe yọ̀ǹda owó fún ìbuwọ́lù ẹnìkan ṣoṣo, òfin agbowó méjì tó wà nínú Mishnah ló ń lò.