Ìwo Ló Ń Tú Àṣírí Ẹran

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń gẹrun ní Agége nígbà tí tẹlifíṣọ̀n onígbàjámọ̀ gbé àwọn wildebeest jáde, ẹran ìgbẹ́ ńlá kan, tí wọ́n ń rọ́ gìrìgìrì kọjá odò Mara ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ní màlúù ni, ẹ wo ìwo. Èkejì ní ẹṣin ni, ṣé a ò rí gọ̀gọ̀ àti ìrù ni? Onígbàjámọ̀ pa kílípà. "Dókítà ẹran, ẹ bá wa dá a."

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀. Pátákò ẹṣin kò là. Ti wildebeest là sí méjì, ó sì ń jẹ àpọ̀jẹ. Ọ̀ràn ẹṣin tán. Òun àti màlúù bára wọn tan lóòótọ́, bí ewúrẹ́ àti àgùntàn náà ṣe bá wọn tan, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni hartebeest, tí a ní nínú igbó Kainji. Wildebeest fúnra rẹ̀ kò sí ní Nàìjíríà. Ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà nilé rẹ̀.

Ẹnì kan tó jókòó lẹ́yìn ní, "Ẹ̀yà àgbọ̀nrín ni, ìyẹn deer." Ó gba apá kan, ó pàdánù apá kejì: àgbọ̀nrín bá wildebeest tan, ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín kì í ṣe deer. Kò sí deer nínú igbó tiwa rárá, bí wọ́n tilẹ̀ kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé ìwé. Òkè àríwá pátápátá, níhà Algeria àti Tùnísíà, ni deer abínibí Áfíríkà wà.

Ìwo ni mo fi yanjú rẹ̀. Àwọn ọdẹ àti oníṣègùn wa ń di oògùn sínú ìwo ẹtu àti ìgalà, torí pé inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ ò lè di nǹkan kan sínú ti deer: eegun gbagidi ni látìdí dé ṣóńṣó, ó máa ń yọ ẹ̀ka bí igi, ó sì ń já bọ́ lọ́dọọdún kí òmíràn tó hù. Ti ẹran tiwa kì í já. Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ẹ di imú, kí ẹ mú orí kan tó ti pẹ́ nílẹ̀, kí ẹ gbá ìwo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èèpo dúdú á yọ bí ìbọ̀sẹ̀, eegun funfun á kù sára agbárí. Ohun tí èèpo yẹn jẹ́ náà ni èékánná yín jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti wildebeest, takọtabo wọn ló sì ń hùwo. Ti ìgalà, akọ nìkan.

Ní tèmi, kì í ṣe odò Mara ló kàn mí jù, imú ọmọ wọn ni. Ní Serengeti, pápá ńlá wọn ní Tanzania, láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, wọ́n ń bímọ lọ́pọ̀ yanturu, ọmọ á sì dìde dúró kó tó pé wákàtí kan. Fáírọ́ọ̀sì kan wà nínú ikun imú àti omijé rẹ̀ tí kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ní nǹkankan. Àmọ́ tó bá ran màlúù, ibà á gbé e, ẹyinjú á funfun, imú á máa dà yòò, ó sì sábà máa ń kú. Àìsàn náà kò ní oògùn. Kì í mú èèyàn o. Àwọn darandaran Màásáì mọ̀ ọ́n dáadáa: tí àsìkò ìbímọ bá ti dé, wọ́n á da màlúù wọn gba ibòmíràn lọ.

Onígbàjámọ̀ tan kílípà rẹ̀ padà. "Dókítà, gbogbo àlàyé yìí, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?"

Mo ní wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n tiẹ̀ ń sá a gbẹ.

"Ẹ ò rí i? Màlúù ni."